Mo fẹ́ ka Masters nínú nursing informatics: ṣé mo ń sá kúrò nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni?

AlẹNíWọ́ọ̀dù · Ọjọ́ Ajé, 9:12 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, n kò tíì sùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Nọ́ọ̀sì ni mí láti ọdún 11 wá. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni mo wà, ní ilé-ìwòsàn ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa, inú wa sì dùn. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ nìyí: lóru, àwa méjì là ń tọ́jú aláìsàn 26 tàbí 28. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà, orí tábìlì ẹnu ọ̀nà ló sì wà, iná náà kì í dúró. Nítorí náà inú pépà là ń kọ ìfúnpá àti ìgbóná ara sí bí a ṣe ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn. Tó bá di nǹkan bí aago 5 ìdájí, ọ̀kan nínú wa á jókòó, á wá tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Oṣù tó kọjá, a ní ìyá kan tí ìfúnpá rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aago 10 alẹ́, 124/80. Aago 2 òru, 108/66. Aago 5, 92/58. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo pe dókítà. Wọ́ọ̀dù mìíràn ni dókítà wà, ló bá ṣí kọ̀ǹpútà tọ̀hún wò. Ohun tó rí ni ìfúnpá mẹ́ta tí wọ́n gbé aago 5:20, 5:21 àti 5:22 lórí. Ó rò pé ẹ̀rọ tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ló ń ṣe ségesège, tí mo fi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta léra. Ó ní kí n tún un wọ̀n. Kò mọ̀ pé láti òru ni obìnrin náà ti ń wálẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, ilẹ̀ ti mọ́. Ọlọ́run yọ ìyá náà, ó ti padà sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé aago mẹ́ta yẹn. Òótọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ. Aago ni kò sọ òótọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà nípa nursing informatics, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí ìwífún ṣe ń ti ara aláìsàn dé ọwọ́ ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún un lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ fi ṣe Masters. Mo ní RN àti RM, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí, mo sì ti gba BNSc, dìgírì nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún 41 ni mí, ọmọ méjì wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ó ní: "Nọ́ọ̀sì tó bá fi ibùsùn aláìsàn sílẹ̀ lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà, akọ̀wé ló dà." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ ọ̀nà yìí: ṣé ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ni kí n ti kà á ni, àbí health informatics gbogbogbòò? Ṣé ilé ni, àbí òkè òkun? Ṣé dandan ni kí n mọ kóòdù kọ?

ỌmọÈkìtìNíMaryland · Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi aago mẹ́ta yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí wà.

Ẹ kò jẹ̀bi, dókítà náà kò jẹ̀bi. Ẹni tó ṣe sọ́fíwíà yẹn ló fi àyè sílẹ̀ fún aago kan ṣoṣo níbi tó yẹ kí méjì wà. Ìlànà kan wà tí àwọn ẹ̀rọ ìlera fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, FHIR ni wọ́n ń pè é. Nínú rẹ̀, ohun gbogbo tí a bá wọ̀n lára aláìsàn ní àyè fún àkókò méjì. "Effective" ni ìgbà tí nǹkan náà rí bẹ́ẹ̀ lára aláìsàn. "Issued" ni ìgbà tó di ohun tí ẹlòmíràn lè rí. Ti yín ti pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ alẹ́ rí kò lè mọ̀ pé wákàtí méje lè wà láàárín wọn. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú informatics nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ohun àná. University of Maryland ní Baltimore níbí ló kọ́kọ́ dá Masters rẹ̀ sílẹ̀, ní 1988. Nígbà tó di 1992, American Nurses Association kà á mọ́ àwọn ẹ̀ka tó dá dúró nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ bóyá akọ̀wé ni wá tàbí nọ́ọ̀sì, àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ti parí rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọdún 30 sẹ́yìn.

Ní ti kóòdù: ohun tí mo kọ nílé ìwé kò tó nǹkan. A kọ́ bí a ṣe ń tọ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù lẹ́sẹẹsẹ kí a tó fi ẹ̀rọ kankan sí i. A kọ́ dátábéèsì àti SQL, èdè tí a fi ń bi dátábéèsì ní ìbéèrè, a kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń pààrọ̀ ìwífún, a kọ́ bí a ṣe ń darí iṣẹ́ títí tó fi parí. Practicum ló wá kẹ́yìn, a lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìwòsàn lábẹ́ ojú olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fi ojú ara mi rí, n kò ní dárúkọ ilé-ìwòsàn náà. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì máa fi ẹ̀rọ ka barcode tó wà lọ́wọ́ aláìsàn àti ti oògùn kó tó fún un. Lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló ń ṣe é, kò sí ẹni tó ń fò ó. Wọ́n rán mi lọ wo wọ́ọ̀dù kan, mo lo alẹ́ mẹ́ta níbẹ̀. Alẹ́ kejì ni mo rí i: wọ́n ti tẹ ẹ̀dà barcode gbogbo aláìsàn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú dúrọ́ọ̀ oògùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Àwọn ọ̀gá fẹ́ bínú. Mo ní kí wọ́n wá wo ibùsùn tó wà létí fèrèsé: wáyà ẹ̀rọ náà kò gùn dé ibẹ̀. Ohùn rẹ̀ náà ń jí aláìsàn lóru, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ra èyí tí kò ní wáyà, a dín ohùn rẹ̀ kù, kò sì pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn fi bó àwọn ìwé inú dúrọ́ọ̀ yẹn dànù.

Tí ẹ bá fẹ́ wá síbí, ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ Masters nursing informatics ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, a kì í sì í fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gba F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì máa ń béèrè láísẹ́ǹsì RN ti Amẹ́ríkà, torí practicum, ìyẹn ni pé NCLEX, ìdánwò láísẹ́ǹsì náà, ló máa ṣáájú. Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè CIP code ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń to ẹ̀kọ́ sí ẹ̀ka, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Oṣù 12 ni OPT, ìyẹn àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀kọ́ tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò) ló ń rí oṣù 24 lé e. Àwọn health informatics kan wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì lásán kì í sábà sí. Owó ńlá ti bá àwọn tí kò béèrè lọ.

ỌmọIfẹ̀Àtijọ́ · Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un, kí àwọn ọmọ wa má baà rò pé òkè òkun nìkan ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, OAU ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú University of Kuopio ti ilẹ̀ Finland, wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn kalẹ̀. Orí sọ́fíwíà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n gbé e lé. Ó dàgbà, wọ́n sọ ọ́ ní MINPHIS. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, Ifẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí health informatics nílẹ̀ Áfíríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní HELINA. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, inú mi máa ń dùn tí mo bá sọ ọ́.

Iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo ṣe títí mo fi dàgbà sí i, níbòmíràn. Ìyá kan wá gba káàdì, mo béèrè ọjọ́ ìbí. Ó ní ọdún tí wọ́n kúrò ní pọ́n-ùn bọ́ sí náírà ni wọ́n bí òun. 1973 nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Kọ̀ǹpútà ní òun kò gbà, kí n mú oṣù àti ọjọ́ wá. Mo tẹ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Mo tẹ̀ ẹ́ fún ìyá yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti gbàgbé káàdì sílé. Ó ní Rísíkátù lòun ń jẹ́. "Rísí" la kọ nígbà àkọ́kọ́, Àjọkẹ́ ni ọmọ rẹ̀ pè é nígbà kejì. Ènìyàn kan, káàdì mẹ́ta, ìtàn àìsàn rẹ̀ sì ti fọ́ sí mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí, tí ẹ bá débi tí wọ́n ti ń kọ́ yín ní dídá aláìsàn mọ̀, ẹ rántí Rísíkátù.

Mátírọ́ọ̀nùÀgbà · Ọjọ́ Ajé, 8:30 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ òru. Ọdún 1979 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo fẹ̀yìntì ní 2014. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ọ̀gá rẹ kò kórìíra rẹ. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì ń ba èmi náà. Ojoojúmọ́ là ń kí nọ́ọ̀sì ní ó dàbọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Nínú àwọn tó kù, àwọn tó mọṣẹ́ jù la tún ń kó lọ sí ọ́fíìsì. Ta ni àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa wo ọwọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́? Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó kọjú sí kọ̀ǹpútà tí aláìsàn ń mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í gbóòórùn. Èmi, tí mo bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, kí n tó ṣí fáìlì kankan mo ti mọ ibùsùn tí egbò ti ń kẹ̀.

Pépà tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé òpè ló ṣe é yẹn, ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o dáhùn ni pé: tí o bá kàwé yìí tán, ṣé wàá padà sí wọ́ọ̀dù?

AlẹNíWọ́ọ̀dù · Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mà. N kò lè purọ́ fún yín, n kò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé torí ìyá yẹn ni mo ṣe fẹ́ kà á, kì í ṣe torí ọ́fíìsì. Mo ń múra iṣẹ́ lọ báyìí, màá tún ka gbogbo rẹ̀ láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sìNíBirmingham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Mà. Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ dá sí ìbéèrè yín yẹn, torí ní England níbí, òfin fúnra rẹ̀ ló ń pe nọ́ọ̀sì sídìí kọ̀ǹpútà.

Ìlànà méjì ló wà. DCB0129 wà fún àwọn tó ń ṣe sọ́fíwíà ìlera, DCB0160 wà fún ilé-ìwòsàn tó máa lò ó. Méjèèjì ló ní dandan ni kí Clinical Safety Officer wà, ẹni tó ń rí sí i pé ẹ̀rọ náà kò ní pa aláìsàn lára. Ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àjọ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ tí PIN mi, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi ní NMC, àjọ àwọn nọ́ọ̀sì níbí, bá kú, n kò lè fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́, bí ó ti wù kí n mọ kọ̀ǹpútà tó. Mo ní ìwé ewu kan tí mò ń kọ. Ìlà kan nínú rẹ̀ lọ báyìí: "Bí ẹ̀rọ bá kú ní aago 3 òru, báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe máa mọ oògùn aago 6?" Àwọn tó ṣe sọ́fíwíà náà dáhùn pé ẹ̀rọ àwọn kì í kú. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Nígbẹ̀yìn wọ́n fi ètò kan sí i tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oògùn sórí kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, tí a lè tẹ̀ jáde láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ẹni tó ti dúró nínú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ló rí ìlà yẹn, mà, ní wọ́ọ̀dù kan ní Òṣogbo.

Àǹtí, ní ti ilé ìwé: ọdún kan ni Masters health informatics sábà máa ń gbà níbí, kírẹ́díìtì 180, àwọn kan sì wà tí ẹ lè fi iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ka irú Masters bẹ́ẹ̀ kò lè kó ọkọ tàbí ọmọ bọ̀ mọ́, àfi àwọn díẹ̀, bíi ẹni tó wá ṣe ìwádìí PhD. Ẹ ní ọmọ méjì. Ẹ gbé ìyẹn sórí ìwọ̀n kí ẹ tó gbé nǹkan mìíràn.

KóòdùLÉkòó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kóòdù ni mò ń kọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a ṣe sọ́fíwíà fún ilé-ìwòsàn aládàáni kan. Èmi ni mo ṣe ojú-ìwé tí nọ́ọ̀sì á ti máa kọ ìgbóná ara. Mo sọ ọ́ di dandan: bí wọn kò bá kọ ọ́, bọ́tìnì "Save" kò ní ṣiṣẹ́. Mo rò pé aláìsàn ni mò ń ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì mo wo dátà náà: 36.5, 36.5, 36.5, wọ́ọ̀dù odindi. Mo lọ bá wọn pẹ̀lú ìbínú. Nọ́ọ̀sì kan kò jà, ó mú mi lọ síbi àpótí wọn, ó gbé tẹmómítà kan ṣoṣo tí wọ́n ní lé mi lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Bátìrì rẹ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní, "Oògùn tí mo fún aláìsàn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ yín kò jẹ́ kí n kọjá." Èmi ni mo fi ẹ̀rọ kọ́ wọn ní irọ́ pípa. Ọjọ́ náà ni mo fi àyè kan kún un: "kò ṣeé wọ̀n", kí wọ́n sì sọ ìdí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìdí yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ra tẹmómítà mẹ́rin.

Bí nọ́ọ̀sì tó mọ informatics bá ti wà láàárín wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nǹkan yẹn kò ní ṣẹlẹ̀. Àǹtí, ẹ má dààmú lórí kóòdù. Ẹ mọ Excel dáadáa, ẹ mọ SQL tó láti bi dátábéèsì ní ìbéèrè láìbẹ ẹnikẹ́ni. OpenMRS, sọ́fíwíà àkọsílẹ̀ aláìsàn, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè gbé e sórí láàpútọ́ọ̀pù yín kí ẹ máa tú u wò. Sọ́fíwíà DHIS2 náà, tí àwọn ará University of Oslo ń ṣe, òun ni ìjọba Nàìjíríà fi ń kó ìròyìn oṣooṣù àwọn ilé-ìwòsàn jọ. Ẹ ó ti kún fọ́ọ̀mù rẹ̀ rí, ẹ kàn lè má mọ ibi tí nọ́ńbà náà ń lọ ni.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́NíÌbàdàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:45 alẹ́

Ìbéèrè kan wà tí wọn kò tíì dáhùn tán: ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ni àbí health informatics? Ìdáhùn tèmi: ẹ kà á láti ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tí ẹ bá lè rí olùkọ́ tó máa gbà yín láyè láti fi informatics ṣe ìwádìí. Ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ti wà ní University of Ibadan láti 1965, OAU náà ń ṣe Masters nọ́ọ̀sì. Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ "informatics" sára ìwé-ẹ̀rí kí iṣẹ́ ìwádìí yín tó jẹ́ ti informatics. Ẹ lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rò pé oko wa ti ń dúró de àgbẹ̀. Láràárọ̀ nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ pé aláìsàn "sùn dáadáa". Kọ̀ǹpútà kò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, torí ti ẹnì kan ni pé kò ké, ti ẹlòmíràn ni pé kò jí. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì ayé fi to ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn jọ: NANDA fún ohun tí nọ́ọ̀sì rí lára aláìsàn, NIC fún ohun tó ṣe sí i, NOC fún ohun tó tìdí rẹ̀ yọ, International Council of Nurses náà ní ICNP. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ló ti jókòó fi èdè àwọn ìyá wa wò wọ́n?

Ìyá kan wọlé, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ń da òun láàmú. A kọ haemorrhoids. Ohun tó ń sọ lè jẹ́ inú kíkùn, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ríro, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ tó ní ikun, ó sì lè jẹ́ ìdí yíyọ lóòótọ́. Ẹlòmíràn ní ibà ń ṣe òun. Ara gbígbóná, ara ríro àti àárẹ̀ ló pa pọ̀, a kọ malaria. Èyí tó ní nǹkan ń rìn nínú orí òun ńkọ́? Kò sí àpótí tó gbà á nínú fọ́ọ̀mù, a fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrònú tó ti wọ̀ ọ́ lára lè jẹ́ ohun tó ń wí. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yẹ kó ní àyè tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwa túmọ̀ rẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá dénú ló lè ṣe iṣẹ́ yẹn. N kò mọ ìgbà tí a máa rí i ṣe, ṣùgbọ́n mo ń fẹ́ ẹ tọkàntọkàn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kìlọ̀: láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà, ìwífún ìlera sì wà lára èyí tó fi ààbò líle bò. Ẹ má fi fóònù ya fáìlì aláìsàn, ẹ má fi í sórí WhatsApp, kódà tó bá jẹ́ torí ìwádìí. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń ṣọ́ ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹyọ kan. Tí ẹ bá fẹ́ fi dátà gidi kọ́ra kó tó dìgbà náà, àkójọ MIMIC ti ilé-ìwòsàn kan ní Boston wà lórí ìkànnì PhysioNet, wọ́n ti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ óò kọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò ènìyàn nínú ìwádìí kí wọ́n tó ṣí i fún yín.

Mátírọ́ọ̀nùÀgbà · Ọjọ́rú, 6:40 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo yín. Ọmọ Birmingham, o ṣeun. Tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Mo ní pépà ní ọgbọ́n, ẹ kò bi mí léèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Báírò aláwọ̀ búlúù la fi ń kọ ìròyìn ọ̀sán. Pupa la fi ń kọ ti alẹ́. Tí dókítà bá ṣí fáìlì, kó tó ka ọ̀rọ̀ kan, ojú rẹ̀ ti rí òru. Tí pupa bá pọ̀ lójú ìwé, ó ti mọ̀ pé aláìsàn yìí kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì jókòó. Ṣáàtì ìfúnpá náà, àwọn wákàtí ti wà lókè rẹ̀ látilẹ̀wá, 2, 6, 10. Abẹ́ wákàtí tí o wọ̀n ọ́n ni wàá fi àmì sí, kódà bó jẹ́ ìdájí lo ráyè fi í. Ìlà náà á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí bí dókítà ṣe máa rí ìlà ìyá tó ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní informatics nígbà náà. Àwọn tó gbé kọ̀ǹpútà wá, ṣé wọ́n bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè ìdí tí báírò fi pupa?

ỌmọÈkìtìNíMaryland · Ọjọ́rú, 2:10 ọ̀sán

Màmá, mo ka ọ̀rọ̀ yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọn kò bi yín. Wọ́n ka ohun tí ẹ kọ sínú pépà, wọn kò ka pépà náà fúnra rẹ̀. Àǹtí, ẹ ti rí orí ọ̀rọ̀ ìwádìí yín báyìí: ohun tí ṣáàtì àti báírò pupa ń sọ fún ẹni tó ń wò ó, àti èyí tó sọnù nínú rẹ̀ nígbà tí a kó lọ sórí kọ̀ǹpútà.

AlẹNíWọ́ọ̀dù · Ọjọ́ Àìkú, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ jíṣẹ́ fún yín.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù, mo kọ aago tí mo wọ̀n ìfúnpá kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. N kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Aláìsàn 26, ìgbà 61 ni a wọ̀n ìfúnpá. Èyí tó yá jù lo ìṣẹ́jú 35 lórí pépà kó tó wọ kọ̀ǹpútà. Èyí tó pẹ́ jù lo wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 10. Láàárọ̀ mo gbé ìwé náà fún ọ̀gá mi, ẹni tó pè mí ní akọ̀wé. Ó wò ó títí, ó mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó ní, "Gbogbo alẹ́ ni ó máa ń rí báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n kọ lẹ́tà study leave, ìyẹn ìsinmi láti lọ kàwé, wá, òun á fọwọ́ sí i.

Ilé ni màá ti kà á, ní ẹ̀ka nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi kékeré kò tíì pé ọdún 7, n kò lè fi í sílẹ̀ fún ọdún kan. Mo ti kọ̀wé sí olùkọ́ kan, ó ní kí n wá kó ohun tó wà lọ́kàn mi sójú ìwé méjì. Màmá, ẹ bi mí bóyá màá padà sí wọ́ọ̀dù. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa ṣe alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ nígbà tí mo bá ń kàwé. N kò rò pé mo lè kọ ìwé yẹn dáadáa tí n kò bá sí níbẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nùÀgbà · Ọjọ́ Àìkú, 7:02 alẹ́

Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́, ọmọ mi. Ṣáàtì òfìfo kan wà nínú àpótí mi, ti àwọn ọdún 1980. Kò sí orúkọ aláìsàn kankan lórí rẹ̀. Ìwé tán nílé-ìwòsàn nígbà kan, èmi ni mo fi rúlà àti pẹ́ńsù fa ìlà rẹ̀, a wá lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ sí i lábẹ́ aago 2 òru ju tàwọn tó kù lọ, torí ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀. Wá wò ó.

AlẹNíWọ́ọ̀dù · Ọjọ́ Àìkú, 7:15 alẹ́

Ẹ ṣé, mà. Aago 8 àárọ̀ Sátidé ni mo máa bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, màá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá kí n tó lọ sùn. Màá mú rúlà dání, kí n lè wọn àyè aago 2 yẹn.